Ìgò Omi Kan Lórí Tábìlì

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ.
N kì í kọ ikọ́, n kì í kọ òógùn,
n kì í kọ ẹni tó ń tòògbé ní ìlà kẹta
tí fìlà ti rọra bò lójú.
Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ọdún kọkànlá rèé
tí mo ti ń jókòó níwájú àga Olórí Ilé, l'Ábùjá,
tí mò ń fi ìka mẹ́wàá gbọ́rọ̀.

Lọ́jọ́rú kan, lẹ́yìn àdúrà,
lẹ́yìn àbá lórí pápákọ̀ òfuurufú
àti ìkíni ọjọ́ ìbí àgbàlagbà kan,
wọ́n pe Ọnárébù Habila Shekwolo.
Ó dìde. Ó fa ìgò kan yọ nínú àpò babanrígà,
ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀,
ó gbé e lé tábìlì, kò dárúkọ rẹ̀.
Omi inú rẹ̀ rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Ó ní ní Tungan Gero, ẹ̀rọ kànga ti kú
láti ìgbà tí ọmọ òun àbíkẹ́yìn ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.
Ọmọ náà ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.
Ó ní nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nílé ìgbẹ̀bí,
Talatu lorúkọ rẹ̀,
eyín ló fi ń di fóònù tó fi ń tanná mú
kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè gba ọmọ.
"Omi tí wọ́n sì fi ń wẹ ọmọ ọ̀hún..."

Iná pupa tàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé.
Makirofóònù kú, ètè ṣì ń lọ.
Ohun tí n kò bá gbọ́, n kò gbọdọ̀ kọ.
Àmì tóótòòtó mẹ́ta ni mo fi síbẹ̀.

Ìyá mi n'Ísánlú a máa sọ pé
ẹni tó gbé etí odò kì í fi itọ́ fọwọ́.
Ìyá mi kò dé Tungan Gero.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó wí pé bẹ́ẹ̀ ni."
Bẹ́ẹ̀ ni! Gbogbo ilé, bí ọmọ iléèwé tó ń kí tíṣà.
"Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ńkọ́?"
Kẹ́kẹ́ pa. Ta ni yóò dìde
pé òun ò fẹ́ kí ìkókó rómi wẹ̀?
Òòlù dún gbà. Wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀,
ìgbìmọ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Nígbà tí ilé dá, Ishaku tó ń gbálẹ̀ gbé ìgò náà sókè:
"Màdáámù, ti ta nìyí?"
N kò lè ní kó dà á nù.
Mo gbé e relé, ní Karu, mo gbé e sójú fèrèsé.
Ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ti sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì.
Mo ṣí ẹ̀rọ omi tèmi náà,
ó húkọ́, ó pòṣé, afẹ́fẹ́ ló tú jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta
kí ọyẹ́ tó mú wọn padà kan ọ̀rọ̀ náà.
Habila dìde. Mo ti ṣí fáìlì èṣí sílẹ̀,
mo rò pé déètì nìkan ni n ó yí padà.
Ṣùgbọ́n orúkọ Talatu kò sí níbẹ̀ mọ́.
Bóyá wọ́n gbé e lọ síbòmíràn ni,
bóyá ó rọ́kọ fẹ́ ní Minna,
bóyá...
Kò sọ. Ohun tí kò bá sọ, n kò gbọdọ̀ kọ.

Lọ́tẹ̀ yìí kò kí Olórí Ilé, kò dúpẹ́,
ó wo iná tí kò tíì pọ́n,
ó ní, "Omi."

Mo kọ ọ́.